Eléyín àti Wẹ́ẹ̀jì Kẹrin

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ọ̀pá irin mẹ́rin, tó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ní kó yan èyí tí yóò jogún òun nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Orí rẹ̀ ò dàrú. Eléyín ni. Ó ń ronú ni.

Eléyín kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe fún àwọn tí tiwọn ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ, nínú yàrá kótópó kan tó kún fún òórùn ìda yíyọ́ àti eruku funfun, níbi tí àgbọ̀n ẹnu oríṣiríṣi tò sórí pẹpẹ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan tó fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín ládùúgbò wa, iṣẹ́ ọwọ́ Eléyín lẹ rí yẹn. Eyín tó wà lẹ́nu èmi gan-an, òun ló ṣe é, mo sì ti fi fọ́ egungun tí ajá wò tó fi ìrù sábẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gbé egungun wá.

Ọkùnrin tó lè mọ̀ pé eyín kan fi ìbú irun orí ga ju èkejì lọ yìí kan náà ni kò wá mọ̀ bóyá wẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ni kí òun gbé tàbí mẹ́rin. Ayé mà kúkú dùn ún wò o.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ gọ́ọ̀fù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ èmi náà. Ẹ̀yìn wáyà ni mo dúró sí tí mo fi ojú kọ́ ọ, mo sì wá mọ̀ ọ́n débi pé àwọn tó wà nínú ọgbà a máa kọ́kọ́ yọjú wo ojú mi kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Gọ́ọ̀fù ò le. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà, ihò kékeré kan wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù títí yóò fi kó sínú ihò. Ẹni tí gbígbá rẹ̀ bá kéré jù ló jẹ ihò yẹn. Ọ̀pá gígùn wà fún ọ̀nà jíjìn. Pọ́tà wà fún títì í sínú ihò. Wẹ́ẹ̀jì ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kúkúrú tí ojú rẹ̀ kọ sókè bí ojú ẹni tó ń retí òjò. Òun ni wọ́n fi ń bu bọ́ọ̀lù jáde nínú iyanrìn, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sẹ́bàá ihò. Òfin kan sì wà tí kì í gbẹ̀bẹ̀: ọ̀pá mẹ́rìnlá lẹ lè ní nínú àpò. Ó lè dín. Kò gbọdọ̀ lé.

Eléyín ti ní wẹ́ẹ̀jì mẹ́ta tẹ́lẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì ṣe é lóore kankan. Ọlọ́gbọ́n ì bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá wọn. Eléyín lọ ra ìkẹrin.

Bó bá wá fẹ́ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pá kan gbọ́dọ̀ gbélé, kò sì sí èyí tó tún lè fi sílẹ̀ àfi ọ̀pá olórí ńlá tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù sọdá adágún omi tó wà ní ihò kẹfà. Bó bá fi ìyẹn sílẹ̀, omi á gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì. Bó bá fi wẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, iyanrìn á sin ín. Irú ikú wo lẹ fẹ́, omi tàbí iyẹ̀pẹ̀?

Ẹ lè ní eré ọmọdé lásán ni. Ti Eléyín kì í ṣe eré o. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa, àwa àgbàlagbà tó ń lo pápá oníhò mẹ́sàn-án lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi, fẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ ìlú kejì díje. Àyè ti kún, ó ku ẹyọ kan. Eléyín fẹ́ àyè yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi, nítorí látọjọ́ tó ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò yàn án sí nǹkan kan rí. Nílé ìwé, bí wọ́n bá ń pín ara wọn sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, òun àti òpó ló máa ń ṣẹ́kù. Wọ́n á sì mú òpó.

Ẹni tí yóò bá a du àyè náà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń tún fíríìjì ṣe, tí ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ fíríìjì àtijọ́ tí kò dúró déédéé. Ẹ̀gbọ́n Onífíríìjì là ń pè é. Eléyín ò já a níyàn rí láti ọjọ́ tó ti wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn. Àna ni. Bí Ẹ̀gbọ́n Onífíríìjì bá ní ọ̀sán gangan ti di òru, Eléyín á ní kí wọ́n wá àtùpà.

Àwọn wẹ́ẹ̀jì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá di onílé. Wọ́n fara ti àga ìjókòó, ojú wọn ń wo òkè àjà. Ìyàwó Eléyín, alágbàfọ̀ tó lè fi ojú lásán mọ bọ́tìnnì tó já nínú òkìtì ṣẹ́ẹ̀tì, fara dà á fara dà á, ó sú u.

"Dádì, àwọn àlejò mẹ́rin yìí, ṣé ibí ni wọ́n máa ń gbé báyìí ni?"

"Mò ń ronú ni."

"Ẹ ò ronú tó báyìí kí ẹ tó fẹ́ mi o."

"Ìwọ kẹ̀? Ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ́. Kí ni mo fẹ́ máa yàn níbẹ̀?"

Obìnrin náà dúró gbọnin, aṣọ tútù lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá wọ́n yìn ín ni tàbí wọ́n bú u.

Eléyín wá ìmọ̀ràn kiri. Èmi ló kọ́kọ́ wá bá, ó sì mọ ọlọ́gbọ́n tó wá bá. Mo ní, "Ẹni tí mẹ́ta ò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ta ló fẹ́ rán ìkẹrin níṣẹ́?" Ó mi orí, ó dúpẹ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ lọ. Àna bú sẹ́rìn-ín: "Méjì! Ọkùnrin tó bá jẹ́ ọkùnrin, méjì ti tó o!" Ó tún bi obìnrin kan tó wá ṣe eyín léèrè, nígbà tí ìda kún ẹnu onítọ̀hún dẹ́nu. Obìnrin yẹn ní "ùn-ùn-ùn". Eléyín gbà pé mẹ́rin ló wí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí ìfigagbága kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dìde lójijì. Adágún omi ló ṣẹ́gun. Ó mú wẹ́ẹ̀jì kẹrin, ó jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bá mi gbé e kúrò lójú mi! Mi ò fẹ́ rí i mọ́. Ẹni tó bá wù ọ́ ni kó o fún."

Ìyàwó Eléyín kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rán òun níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrì ò tíì kúrò lórí koríko nígbà tá a pé sí pápá lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni onídàájọ́. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, Màmá Agbẹ̀bí là ń pè é, bó bá sì pàṣẹ, àtọkùnrin àtobìnrin ló ń fa ikùn mọ́ra. Ó na ìka sí àwọn méjèèjì.

"Ọ̀pá yín ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlá, Mà," ni Eléyín wí.

"Mẹ́rìnlá géérégé!" ni Ẹ̀gbọ́n Onífíríìjì wí. "Alẹ́ àná ni mo ti kà á. Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ."

Ihò kìíní àti ìkejì, wọ́n ta ọ̀mì. Ní ìkẹta, bọ́ọ̀lù Ẹ̀gbọ́n Onífíríìjì kó sínú kòtò iyanrìn. Inú Eléyín dùn díẹ̀, bó ṣe yẹ kí inú ọmọlúàbí dùn sí ewu àna rẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọkùnrin yẹn bá wọ kòtò yẹn, oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń mú un jáde. Àfi bó ṣe fa ọ̀pá kúkúrú kan tó ń dán yọ nínú àpò. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kan. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó dúró lókè lọ́hùn-ún, ó wo ìsàlẹ̀, ó yan ibi tó wù ú, ó sì balẹ̀ bí ológbò sẹ́bàá ihò. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Eléyín ò wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀pá ló ń wò. Ó rọra yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a fa àpò.

"Ta ló fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní nǹkan yẹn?"

"Èmi ni. Mo fún wọn láàárọ̀ yìí níwájú géètì. Ẹ ní kí n fún ẹni tó bá wù mí. Wọ́n ní iyanrìn ń fìyà jẹ wọ́n, àánú wọn ṣe mí."

"Òní? Òní tá a fẹ́ figagbága?"

"Ẹ ò mú ọjọ́ kankan kúrò níbẹ̀, Dádì."

Ohun tó dun Eléyín jù kì í ṣe pé wọ́n fi ọ̀pá rẹ̀ lu òun fúnra rẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé ọ̀pá náà dára! Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì gbàgbé láti gbé e sílẹ̀. Mẹ́rìnlá lálẹ́ àná. Ẹyọ kan sí i láàárọ̀ yìí níwájú géètì. Ó wò mí. Mo wò ó. Ojú mi sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ débi pé ẹyẹ kan kúrò lórí igi.

Òfin ni pé ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ bá lé, ihò kan ni wọ́n máa yọ nínú èyí tó jẹ fún ihò kọ̀ọ̀kan tó gbé ọ̀pá yẹn dé, títí dé méjì. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù kó là. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún àna rẹ̀ lójú pé ó ti rú òfin? Àna rẹ̀ jẹ ihò kẹta, Eléyín sì ń bá eré lọ. Ihò kẹrin kọjá, ìkarùn-ún kọjá, ọ̀mì ni. Ní ìkẹfà, ó fi ọ̀pá olórí ńlá gbá bọ́ọ̀lù sọdá omi, ti àna rẹ̀ lọ kí ẹja, wọ́n wá dọ́gba. Ní ìkeje, ọ̀mì. Ní ìkẹjọ, wẹ́ẹ̀jì kẹrin tún ṣe ohun tí olówó rẹ̀ rà á fún, lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n Onífíríìjì fi ihò kan ṣíwájú, ó sì ku ẹyọ kan péré láti gbá.

Ká ní ó pa ẹnu mọ́ báyìí náà ni, àyè náà ì bá ti di tirẹ̀. Àṣeyọrí ni kì í jẹ́ kí ẹnu àwọn kan sinmi.

"Àna mi, má banú jẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí, ó gbá a lẹ́yìn. "Ọlọ́run dá àwọn kan pé kí wọ́n máa rìnrìn àjò. Ó sì dá àwọn kan pé kí wọ́n máa juwọ́ sí wọn."

Eléyín ṣí fìlà. Ó tẹríba débi pé mo rò pé bọ́ọ̀lù ló ń wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, sà. Ẹ dákun, ẹ bá mi ka ọ̀pá yín."

"Ka kí ni?"

"Ọ̀pá yín, sà."

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ti kà á lálẹ́ àná!"

"Ẹ bá mi tún un kà láàárọ̀ yìí, sà."

Màmá Agbẹ̀bí ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó da àpò náà dé sórí koríko, ó ń fi ẹsẹ̀ kà wọ́n. Nígbà tó kọjá mẹ́rìnlá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rí ibi tẹ̀.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Kì í ṣe tèmi!" ni Ẹ̀gbọ́n Onífíríìjì kígbe. "Tiẹ̀ ni! Owó rẹ̀ ló fi rà á! Ẹ kà á mọ́ tiẹ̀!"

"Inú àpò ta ló ti jáde?"

"Tèmi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ̀gbọ́n, ikùn tí ọmọ bá wà ló ń bí i. N ò gbọ́ ọ rí pé obìnrin kan ń rọbí kí wọ́n lọ fa ọmọ lára aládùúgbò. Ihò méjì ti lọ. Eléyín ló fi ẹyọ kan ṣíwájú."

Ìyàwó Eléyín dúró láàárín ọkọ àti ẹ̀gbọ́n bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń ka irin." Ó wá yí sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ihò kẹta."

"Tẹ́ ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa rìn bọ̀ látibẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rín rìn débí?"

Eléyín gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láti gbá a. Ó ku ihò kan. Bí ó bá ta ọ̀mì, àyè ti di tirẹ̀. Bó bá pàdánù rẹ̀, wọ́n á tún gbá òmíràn, mo sì mọ̀ pé kò sí òmíràn nínú ọkùnrin yẹn mọ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì lọ tààrà, ó kó sínú iyanrìn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń nà án, kí ìyàwó rẹ̀ fa ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ náà dúró lófo. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ìkùukùu. Ó bá fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó mú wẹ́ẹ̀jì tó kọ́kọ́ bà, kò tilẹ̀ wo èyí tó jẹ́. Ó bù ú. Bọ́ọ̀lù tiro jáde, ó dúró sí ọ̀ọ́kán ihò bí ẹni tó jẹ gbèsè níbẹ̀. Ó fi pọ́tà tì í lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Bí àna rẹ̀ bá ti tirẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ó jẹ ihò yẹn. Ẹ̀gbọ́n Onífíríìjì tì í. Bọ́ọ̀lù yí etí ihò po, ó yọjú wo inú rẹ̀, ilé ò wù ú, ó kọjá lọ.

Ọ̀mì.

"Eléyín," ni Màmá Agbẹ̀bí wí, "ìwọ là ń mú lọ."

Ẹ wo ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò yàn rí! Ojú rẹ̀ là, ó yíra po, ó ń wá ẹni tí yóò bá a yọ̀. Èmi ló rí. Ìyàwó rẹ̀ ti fi àpò ọkọ sílẹ̀ lórí koríko, ó ti gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí wọ́n nà kì í tún ru ẹrù." Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kọjú sọ́nà géètì, wọn ò wẹ̀yìn.

Ǹ bá bá Eléyín gbé àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí mi ò gbà. Ó gbé e fúnra rẹ̀, ó mú wẹ́ẹ̀jì kẹrin tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí koríko, ó sì sáré tẹ̀ lé wọn, irin ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbàgbé wẹ́ẹ̀jì yín, sà!"

Onífíríìjì ò dúró. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbà á, ó wò ó, ó fi gún ilẹ̀ bí ọ̀pá ìtilẹ̀.

"Àna mi."

"Sà?"

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ò gbọdọ̀ dé àdúgbò o."

"Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, sà."

Eléyín sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Kò tilẹ̀ rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, nítorí mo ti gba ọ̀nà àbùjá ṣíwájú wọn délé.