Kẹ̀kẹ́ Olórùlé Létí Òkun Ajah

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ní kẹ̀kẹ́ olórùlé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ẹ̀gbọ́n létí òkun, ara mi a gbóná. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ káàkiri Ajah nígbà yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa nígbà tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò rí nǹkan kan, torí wọn kò fẹ́ rí i.

Ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní abúlé kan létí ọ̀sà, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Àìsàn ìgbà èwe ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rọ. Ó lè tu ọkọ̀, ó lè gbé pákó tí èmi kò lè gbé, ṣùgbọ́n kò lè gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, torí ẹsẹ̀ kan kò tó láti fi mú kẹ̀kẹ́ dúró nínú yanrìn. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, yóò jókòó síwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀, yóò máa wo ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ Ajah bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sí etí òkun. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ náà. Mo máa ń juwọ́ sí i, òun náà a juwọ́ padà, a sì máa wò wá títí a ó fi wọ àárín àwọn igi àgbọn.

Ìparí àwọn ọdún 1970 là ń sọ yìí. Títì ọlọ́dà kò tíì dé. Ẹni tó bá ń lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, yóò bọ́ sílẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Mo máa ń tú kẹ̀kẹ́ mi palẹ̀ sórí ẹní ni, màá tún un tò, bí nǹkan kan bá sì ṣẹ́kù lórí ẹní, màá tún un tú. Lọ́jọ́ kan mo ra ẹ̀pà, wọ́n sì fi ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ dì í fún mi. Àwòrán òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ohun kan tó dà bí ẹja, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta, tó ń fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dà níwájú. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìwé náà lọ bá Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Èyí kì í ṣubú?" Mo ní kò lè ṣubú, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ó ní kí n jókòó.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi. Férémù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ la gé, tí a sì gbé lọ fún ajórinmọ́rin kó jó wọn pọ̀: ẹsẹ̀ méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ṣéènì kan kò tó, torí pẹ́dà wà níwájú, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń tì í lọ sì wà lẹ́yìn, nítorí náà mo so ṣéènì mọ́ ṣéènì, mo sì fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi bò ó lábẹ́ ìjókòó kí yanrìn má baà jẹ ẹ́. Ohun tó dà mí láàmù jù ni sípóòkù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì a máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń yà. Tiwa kì í tẹ̀, gbogbo ìwúwo á wá ti ẹsẹ̀ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́, sípóòkù á sì máa já. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọn mọ́ra níbi tí wọ́n ti kọjá lára ara wọn, wọ́n sì dẹ́kun jíjá. Ti Ẹ̀gbọ́n, a fi awọ de ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ pẹ́dà. Ti òsì ni yóò máa ṣiṣẹ́, ti ọ̀tún yóò máa tẹ̀ lé e.

Nígbà tó kan òrùlé tí yóò bo ara ẹni títí dé ọrùn, ọ̀nà wa pín. Èmi fi pankẹ́rẹ́ ṣe egungun tèmi, télọ̀ kan ní ọjà Ajah, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́, rán kánfáàsì bò ó. Abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò gbà. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ṣe tirẹ̀, láti ìdí dé ìhà, ó sì fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo àlàfo rẹ̀ bí ẹni tó ń kan ọkọ̀ fún apẹja. Ó fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹní ni mo so mọ́ kẹ̀kẹ́. Mo ní kó lu ihò sí ìsàlẹ̀ tirẹ̀, kí omi lè rí ibi jáde bí òjò bá rọ̀ sí i. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"Ta ló ń lu ihò sí ìdí ọkọ̀, àbúrò?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé omi kò gbọ́dọ̀ wọlé; kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọjọ́ kan lè dé tí omi yóò ti wọlé tí yóò sì fẹ́ jáde.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tó bá wa jáde, n kò lè gbàgbé ojú rẹ̀. Àwọn ará abúlé tó wà lójú ọ̀nà ti ń pariwo kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin kan tó ń yan ẹja pariwo pé pósí onítáyà rèé, ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú pósí, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀gbọ́n yọ orí síta, ó ní, "Òkú tó ń wa pósí ara rẹ̀ ni, ẹ yà fún un." Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹlòmíràn fi bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá tíì wà láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́ lórí yanrìn tútù ní àárọ̀ kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Òkun wà lápá ọ̀tún, àgbọn wà lápá òsì, táyà ń dún ṣììì, ọ̀rọ̀ sì ń lọ láti ẹnu kan dé èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ lè sọ ohun tí ẹ kò lè sọ nínú ilé. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ti ń wò láti iwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní: ẹni kan kì í dúró lórí yanrìn lóun nìkan. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ní ìṣòro, yóò lu aago rẹ̀, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á gbọ́, á lu tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aago yóò máa lọ síwájú títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ alága. Alága á dúró, gbogbo wa á dúró. Alága fúnra rẹ̀ ló gbé òfin náà kalẹ̀. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì ni, ó ní kẹ̀kẹ́ eré ìje tó ń dán, ó sì fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa wò ó bó bá ń kọjá. Láti ìgbà tí àwa méjì ti gbé kẹ̀kẹ́ olórùlé dé, wọn kò wò ó mọ́.

Síbẹ̀, ní àbọ̀, nígbà tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́ lù wá lójú, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni alága máa ń sá sí. Pákó yẹn gé atẹ́gùn bí ọ̀bẹ. Mo rí i níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, ó sinmi orí rẹ̀ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sùn. N kò gbọ́ kí ó dúpẹ́ rí.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àlejò kan láti Èkó fẹ́ wá ya àwòrán ẹgbẹ́. Etí òkun kì í ṣe títì tó ń dúró de ènìyàn. Ìgbà tí òkun bá fà nìkan ni yanrìn le tó láti gun kẹ̀kẹ́. Télọ̀ ti kírun Àsùbáà, ó ti dé. Gbogbo wa ti dé. Alága ní a kò lè lọ láìsí àlejò. A dúró títí oòrùn fi mú. Nígbà tí àlejò dé, ó ya alága ní iwájú, ó ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ya á bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Ìgbà tí a dé etí omi, òkun ti ń padà. Mo lọ bá alága, mo ní kí a gba àárín àgbọn, kódà kí a ti kẹ̀kẹ́. Ó ní àlejò kò wá láti ya àwòrán àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ó ní kí àwọn olórùlé wà lẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n má baà dí ojú àwòrán.

Yanrìn tó le ti kéré, àwọn tó wà níwájú ti gbà á tán. Ìgbì kan dé, ó lu ìhà kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n, ó sì bọ́ sínú rẹ̀ látòkè. Omi tó wọ inú tèmi gba abẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Tirẹ̀ kò rí ibi gbà. Kẹ̀kẹ́ wúwo, ó dúró gbagidi. Mo lu aago. Télọ̀ tó wà níwájú mi lu tirẹ̀. Mo gbọ́ bí aago náà ṣe ń lọ, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé iwájú pátápátá. Mo rí alága tó yíjú padà. Ó rí wa. Ó tún kọjú síwájú, ó sì ń lọ, àwọn yòókù, yàtọ̀ sí télọ̀, sì tẹ̀ lé e.

Ìgbì kejì ló burú. Ọ̀dà tí Ẹ̀gbọ́n fi dí àlàfo kò jò rárá, nítorí náà nígbà tí omi pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà léfòó bí ọkọ̀, tòun ti omi inú rẹ̀. Táyà kúrò nílẹ̀. Ó ń wa pẹ́dà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lásán nínú omi, orí kẹ̀kẹ́ sì yí sí òkun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú awọ tí a fi dè é. Èmi àti télọ̀ ju tiwa sílẹ̀, a sáré wọ omi. Télọ̀ di ìhà kẹ̀kẹ́ mú, ó ń pe Ọlọ́run, mo sì fi ọ̀bẹ gé awọ náà lábẹ́ omi láìrí ohun tí mò ń gé. A fà á jáde. Omi mú kẹ̀kẹ́ lọ, ó gbé e padà, ó sì fọ́ ọ mọ́ yanrìn níwájú wa.

A bá wọn lábẹ́ àgbọn níbi tí a ti máa ń jẹun. Wọ́n ti ń jẹun. Àlejò ti lọ. Kí a tó jókòó, alága ti dìde, ó ní ẹ̀yin náà ti rí i, nǹkan yẹn kì í ṣe kẹ̀kẹ́, ikú ni, ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ru ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Láti òní lọ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìkan.

Mo bi í léèrè, "Ẹ gbọ́ aago àbí ẹ kò gbọ́?"

Ó ní, "Bí gbogbo wa bá dúró níbẹ̀, omi á gbé gbogbo wa lọ."

Mo ní ta ló mú wa débẹ̀. Àwọn kan ní kí n fara balẹ̀, pé àgbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn tó bá fara mọ́ òun na ọwọ́. Wọ́n na ọwọ́. Télọ̀, tí ẹ̀wù rẹ̀ ṣì ń jò fún omi, na ọwọ́ pẹ̀lú wọn. Mo wò ó. Ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo di ìhà rẹ̀ mú. Mo fẹ́ kó wà láàyè ni."

Ẹ̀gbọ́n ti jókòó sílẹ̀. Ó ń fi ìka yọ yanrìn kúrò láàárín àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo rò pé àwa méjì yóò kọ́ òmíràn. Mo ti ń wá férémù. Nígbà tí mo rí ọ̀kan, mo gbé e lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo ní ẹ jẹ́ kí a lu ihò sí èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a máa jáde fúnra wa. Ìgbà náà ló sọ fún mi pé alága ti ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n fẹ́ kó máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé oúnjẹ gba ojú ọ̀sà lọ dè wọ́n. Ó ti gbà.

Mo sọ̀rọ̀ tí kò dára. Mo ní wọ́n fi í sílẹ̀ kó kú, ó sì fẹ́ di alásè wọn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Àbúrò, ibi tí wọ́n bá wà ni mo fẹ́ wà. Àwa méjì kì í ṣe ẹgbẹ́. Tí mo bá bá ẹ jáde, mò ń gbọ́ ohùn ẹ nìkan, mo sì ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá n ó wá ní ọjọ́ Àìkú, mo gbé férémù mi, mo sì lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, mo wà níta, mò ń fi gíríìsì sí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ mi, nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́bàá ilé wa. Télọ̀ rí mi, ó rọra. Alága kò wò mí. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti òkèèrè, ẹnìkan sì sọ nǹkan tó pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, n kò sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó wù mí láti mọ̀ ọ́n. Inú ń bí mi sí wọn, síbẹ̀ ó wù mí láti mọ̀ ọ́n. Mo dúró lójú ọ̀nà títí n kò fi gbọ́ táyà wọn mọ́, mo sì wọlé lọ wẹ ọwọ́ mi.