Igun Tí Àwọn Eku Yàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà eku ní yunifásítì Ọ̀jọ́, kó bi Bàbá Ṣàkírù. Ọdún méjìlélógún ló ti ń bọ́ àwọn eku funfun tó wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìbà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ṣùgbọ́n ọ̀fíntótó ni: nǹkan tí kò bá yé e kì í jẹ́ kó gbádùn.

Nígbà tí Ìbíyẹmí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí lórí ewé kan tó lè lé ìbẹ̀rù lọ, gbé àpótí fífẹ̀ kan dé, Bàbá ò lè mójú kúrò. Wọ́n á tú eku sínú àpótí tí kò dé rí, kámẹ́rà á máa wò ó látòkè, kọ̀ǹpútà á sì máa to àmì sí gbogbo ibi tó bá tẹ̀. Eku á yan igun kan ṣe ilé, á yọ́ lọ wo ibòmíràn, á tún sá padà. Kọ̀ǹpútà á ka iye ìgbà tó lọ àti iye ìgbà tó bọ̀.

"Bàbá, gbogbo àwọn tó mu oògùn, igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ni wọ́n ń ṣe ilé sí, ọkàn wọn sì balẹ̀," ni Ìbíyẹmí wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Àwọn tó mu omi lásán kàn ń sá káàkiri ni. Oògùn yẹn ṣiṣẹ́! Mọ́ńdè ni mo máa gbé e fún pùròfẹ́sọ̀."

Bàbá bá a yọ̀. Àmọ́ nígbà tó ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ igun yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ igun kan ṣoṣo? Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni Ìbíyẹmí ń fún eku lóògùn, tó sì ń tú wọn sínú àpótí lọ́sàn-án. Ọjọ́ méjèèjì yẹn náà ni Bàbá ń gba ààwẹ̀. Dípò kó lọ jẹun ní Okokomaiko lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ló ń jókòó sí, tó ń fa tẹ̀sùbáà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀ ni ti omi lásán, Bàbá kì í sì í sí nítòsí: yálà ó ti lọ jẹun, tàbí ó ti lọ kírun. Bẹ́ẹ̀ ìró tẹ̀sùbáà yẹn ni àwọn eku fi ń mọ̀ pé oúnjẹ dé!

Tó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á gboyè. Ta ló máa mọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ ọ́. Ìbíyẹmí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má ṣeré." Wọ́n mú eku mẹ́fà tí kò mu nǹkan kan. Bàbá lọ jókòó sí igun òdìkejì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ojú kọ̀ǹpútà fi hàn kedere: igun òdìkejì ni àmì ṣù jọ sí, bí èèrà tó rí ṣúgà.

Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Oṣù mẹ́ta, Bàbá! Ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Ó wù mí kí n dákẹ́, ọmọ mi." Ó dun Bàbá wọra. "Ṣùgbọ́n èèyàn ló máa mu ewé yẹn lọ́la."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó eku mìíràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òfin tuntun kan dé: Bàbá ò gbọdọ̀ sí nínú yàrá. Ó dúró níta, ó ń yọjú lójú fèrèsé. Eku àkọ́kọ́ rìn yí ògiri àpótí po, ó dé igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé imú sókè, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí ìró oúnjẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Bàbá gan-an. Ó ká tẹ̀sùbáà sínú àtẹ́lẹwọ́, ó dì í mú pinpin, kó má baà dún.