Ìtàn Ìgbésí Ayé Alága Wa àti Ilẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu iṣẹ́ tí mi ò rò pé màá lè sọ níta. Ojú kọ́kọ́ tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti borí ìtìjú báyìí. Ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá iṣẹ́. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, ilé ìwé tí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa dá sílẹ̀ ni mo ti kàwé jáde, ibẹ̀ náà ni mo ti padà ṣe tíṣà kí wọ́n tó tì í pa. Nígbà tí Ọlọ́run máa dáhùn àdúrà mi, Alhamdulillahi, iṣẹ́ akọ̀wé ló fún mi ní iléeṣẹ́ kan ní Láfẹ́nwá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iléeṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà ni! Iṣẹ́ wọn ni pé kí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì má rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀rọ oníbàárà.

Wàsíù tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Òun nìkan ló mọ kọ̀ǹpútà nínú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn oníbàárà Abẹ́òkúta kì í wo ohun tí èèyàn mọ̀, àwọn tó dúró tì í ni wọ́n ń wò. Ló bá kó àgbà mẹ́ta jọ, ó pè wọ́n ní ìgbìmọ̀ olùdarí.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí o! Alága wa, Olóyè, aṣọ́bodè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹni tó ti dá ọkọ̀ onífàyàwọ́ dúró nínú igbó, kí ni olè kọ̀ǹpútà fẹ́ fi hàn án? Ẹnì kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìmọ̀ nípa ẹja ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni ní yunifásítì. Òun náà ní ẹja kan tó bá ṣàìsàn ló ń kó o ran gbogbo adágún, pé bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà rí. Mo ní ó dáa, sà. Ẹnì kẹta ni Alhaja Múnírátù, aláró, tó ń rẹ àdìrẹ. Òun ló ni ilé tí ọ́fíìsì wa wà. Mo rò pé ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí wọ́n pè é.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Wàsíù gbé fún mi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìkànnì wa. Ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà Kọ́bapẹ́ ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn, wọ́n sì máa ka ìtàn yẹn kí wọ́n tó pè wá. Wàsíù sọ ọ́ fún mi lójúkojú pé bí ilé ìwòsàn yìí bá kọ̀ wá, òun máa ti ọ́fíìsì pa tí oṣù bá parí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, iṣẹ́ tí mo fi omijé bẹ Ọlọ́run fún!

Ni mo bá gbé bírò àti ìwé, ó di ilé Olóyè. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń kọ ìtàn ẹni sínú ìwé ètò ayẹyẹ? A kì í fi nǹkan kan sílẹ̀! Ọjọ́ tí wọ́n bí Olóyè ló ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀, agboolé ìyá náà, ilé ìwé tó ti kọ́kọ́ kàwé ní Wásinmi, tíṣà tó nà án níbẹ̀, títí dé orí mọ́tò ìjàpá aláwọ̀ ewé tó kọ́kọ́ rà. Mo béèrè bóyá a lè gé díẹ̀ kúrò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Sẹ́kìnátù, ṣé ọmọ àlè ni mí, tí wọn ò fi ní mọ ìyá mi?"

Mo kọ gbogbo ẹ̀. Mo tún fi ádírẹ́ẹ̀sì ímeèlì rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, kó lè pé pérépéré. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n kúrú díẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin péré.

Alhaja ló fún mi níṣòro. Ìdí ìkòkò aró ni mo bá a, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Mo ní kó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Kọ ọ́ pé Múnírátù, aláró."

"Ṣé kò ku nǹkan kan, Alhaja?"

"Kò kù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ma. Ọdún tí wọ́n bí yín ńkọ́?"

"Ṣé ọdún tí wọ́n bí mi ló fẹ́ lọ ṣọ́ kọ̀ǹpútà ni? Sẹ́kí, kúrò nínú oòrùn, lọ jẹun."

Inú bí mi! Mo ní obìnrin yìí ló máa ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo tiẹ̀ gbàdúrà lé e lórí lẹ́yìn ìrun, pé kí Ọlọ́run bá mi la ẹnu rẹ̀. Ọlọ́run tó mọ ohun tó dára fún wa kò gbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn náà ni mo gbé sórí ìkànnì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí oṣù parí kí wọ́n tó pè wá. Ọkọ̀ Olóyè la gbé lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè wá, àwọn ẹja rẹ̀ ń ṣàìsàn. Dókítà obìnrin tó ni ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ló gbà wá lálejò. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní òun ti ka ìtàn Olóyè láti òkè dé ìsàlẹ̀, pé ó dùn gan-an. Olóyè tún fìlà rẹ̀ dé. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àbí ta ló kọ ọ́?

Dókítà ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin fúnra yín máa ń lo ímeèlì?"

"Kí ló dé tí mi ò ní lò ó? Ojoojúmọ́!"

"Ṣé ẹ lè gbà mí láyè kí n dán ilẹ̀kùn rẹ̀ wò, bóyá ó le?"

Olóyè rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "Ọmọ mi, bó o bá fi òòlù gbá a, kò ní ṣí. Ẹni tó ṣọ́ bodè ni mí!"

Wàsíù fẹ́ sọ̀rọ̀. Olóyè nawọ́ sí i pé kó dákẹ́.

Dókítà gbé fóònù rẹ̀. Ó tẹ ádírẹ́ẹ̀sì tí mo fi sábẹ́ fọ́tò, ó sọ fún ẹ̀rọ náà pé òun ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ ní kò burú, kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí Olóyè ti yàn sílẹ̀. Kí ni orúkọ ìyá rẹ? Ó wo ìkànnì wa, ó tẹ̀ ẹ́. Ilé ìwé wo lo ti kọ́kọ́ kàwé? Ó tẹ ìyẹn náà. Mọ́tò wo lo kọ́kọ́ rà? Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó gbójú sókè.

Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ìjàpá yín yẹn, ṣé ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn ni?"

Olóyè ní, "Bẹ́ẹ̀ ni! Ìjàpá aláwọ̀ ewé."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Dókítà yí fóònù sí wa. Lẹ́tà àkọ́kọ́, télọ̀ tó ń rán fìlà Olóyè ló kọ ọ́, ó ń bi í pé ṣé orí rẹ̀ kò tíì tóbi ju ti èṣí lọ. Lẹ́tà kejì ni kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Wàsíù wa, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ló to gbogbo páásíwọ́ọ̀dù ọ́fíìsì jọ, tó fi ránṣẹ́ sí alága láti fi bọ̀wọ̀ fún un! Dókítà da ojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì kíá. Ó ní òun kò ní ka ìyókù, kí Bàbá gbà á kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Olóyè gbà á.

Mo ti ń ronú ibi tí màá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́.

Dókítà wá yíjú sí Alhaja. Ó ní, "Múnírátù, aláró. Ma, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

"Eérú tí ẹ ń lò sí aró yín, báwo ló ṣe máa ń pọ̀ tó?"

"Ó máa ń tó."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Alhaja náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Ìyá mi ló kọ́ mi pé bí oníbàárà bá béèrè bí mo ṣe ṣe é, kí n bi í pé mélòó ló fẹ́ rà."

Dókítà ní òun kò lè gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn lé wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kí a lọ pa ìtàn yẹn rẹ́, kí a yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù padà, kí Alhaja sì máa yẹ ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbé síta wò. Lẹ́yìn náà kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú ọkọ̀, Olóyè ní, "Ta ló tiẹ̀ kọ orúkọ ìyá mi síbẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, kí lẹ̀yin ìbá sọ? Ó wà lẹ́nu mi pé, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́!" Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ádírẹ́ẹ̀sì ímeèlì yẹn ńkọ́? Ta ló rán mi? Ọlọ́run ń wò mí. Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Ẹ dárí jì mí."

Wàsíù ní, "Lẹ́tà páásíwọ́ọ̀dù, èmi ni."

Alhaja kọjú sójú fèrèsé. Ó ní, "Ó ku ẹnì kan o."

Olóyè tan rédíò.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, a ṣe gbogbo ohun tí Dókítà ní ká ṣe, a padà lọ, ó sì gbà wá! Kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì nìkan ló kọ́kọ́ gbé fún wa, ó ní òun á máa wo ọwọ́ wa. Oṣù parí, ọ́fíìsì wa kò tì. Alhamdulillahi Robili alamina!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Olóyè pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti yí ìdáhùn òun padà pátápátá, orúkọ ìyàwó òun kejì lòun fi sí i báyìí. Ó pe orúkọ náà fún mi, ó tún un pè kó lè yé mi. Ibi ìpàdé ẹgbẹ́ ló ti ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ pé orúkọ náà dára.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: àmánà, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, ni aṣírí, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá buyì kún wa la ń kọ sójú ọ̀nà. Mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí mo fojú kéré iṣẹ́ aláró níwájú àwọn olóyè àti ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnu yín tàbí ìwé yín ti ṣílẹ̀kùn fún àlejò rí? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Ẹ ṣáà má dárúkọ ìyá yín o!