Èdè Faransé tí Mo Kọ́ Nídìí Abẹ́rẹ́

Òórùn ìda oyin ni imú mi máa ń gbọ́ nígbàkigbà tí mo bá rántí ọdún tí mo kọ́ èdè Faransé ní Abẹ́òkúta. Ìda ni olùkọ́ mi, baba aránṣọ kan ní àdúgbò wa, fi ń fa òwú kí ó má baà já, òórùn rẹ̀ sì wọ gèlè mi títí ìyá mi fi ń bú mi. Baba yìí ti ṣe ẹrú rí ní erékùṣù kan tí àwọn Faransé ń ṣàkóso lókè òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ó máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀-ìṣe ní àkàtúnkà, baba ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ó wọkọ̀ padà wá sílé.

Kì í ṣe ọ̀làjú ni mo ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀ o. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo ń wá. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú un lóko wa ní Adìgbẹ, a sì ti sunkún rẹ̀ bí ẹni sunkún òkú kí alájàpá kan tó wá sọ pé òun rí i ní Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, nínú ọgbà oníṣòwò Faransé kan, tó ń yí àgbá epo. Ògbufọ̀ ilé náà gan-an ló tà á fún òyìnbó. Ta ni yóò wá bá wa túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ wa? Bàbá wa ti kú, ẹsẹ̀ ìyá wa kò sì gbé ọ̀nà jíjìn mọ́. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni, èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́.

Baba aránṣọ ní, “Ọmọ mi, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó rà á ni wọn yóò bi ọ́. Àwọn Faransé ní bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn, ibẹ̀ la ó sì dúró sí.” Ló bá fún mi ní abẹ́rẹ́. Mo ń rán, mo ń kà: jáfẹ̀, tù áfẹ̀, ìl áfẹ̀, ìyẹn ni pé èmi ti, ìwọ ti, òun ti. Bí mo bá ṣì í, mo gbọ́dọ̀ tú gbogbo ìlà tí mo ti rán, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan “ìwọ”, ẹnu mi á há, nítorí ọmọ ilé ire wo ló ń wo ojú àgbà pe ìwọ? Ewúrẹ́ baba ni mo máa ń yíjú sí bí mo bá dé ibẹ̀. Agbádá kan wà tí mo tú títí tí ẹni tó ni ín fi wá béèrè.

“Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé agbádá mi kò tíì jinná ni?”

“Agbádá ti jinná. Ẹnu ọmọ yìí ni kò tíì jinná.”

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Baba kò bá mi wí, ó kàn fa òwú tuntun, ó ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Nílé, mo ń kà á nídìí odó, ìyálé ilé wa rò pé ọfọ̀ ni, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Bí mo ṣe gbọ́n tó, mo tún ń fi í yangàn fún un!

Nígbà tí baba ní ó tó, mo tẹ̀ lé àwọn alájàpá lọ sí Àjàṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú òyìnbó, ògbufọ̀ sì sáré gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó fi Faransé sọ pé ìran ẹrú ni wá, pé oko ẹrú ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo la ẹnu, mo fi Faransé sọ fún òyìnbó pé kí ẹ tó rà á, ìyá wa ti bí i ní ọmọ òmìnira, bàbá wa ti pín ilẹ̀ fún un, ó ti ní àfẹ́sọ́nà. Àti pé kí ẹ tó rà á, òfin ilẹ̀ yín pàápàá ti fòpin sí òwò ẹrú. Òyìnbó gbé ìkòkò tábà rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ògbufọ̀, ògbufọ̀ wo ilẹ̀. Òyìnbó ní kí n máa mú àbúrò mi lọ.

Ilé aránṣọ la kọ́kọ́ yà sí kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìyá wa. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Baba fọwọ́ pa á lórí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Nínú ìyà ni mo ti kọ́ èdè yìí. N kò mọ̀ pé ó lè mú ẹnikẹ́ni wálé.”

Baba ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, nítorí náà n kò jẹ́ kí ó rẹ̀ mí láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú Faransé náà ti bọ́ lórí mi. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ni mo rí gbà nínú rẹ̀ ná. Mo kàn máa ń nawọ́ sí àbúrò mi, ọkùnrin arúgbó tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tó ń bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jà du ẹ̀pà yíyan.