Ojú Ìwé Tí Hajarat Fi Kún Un

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Tíṣà Gbádégẹṣin fi túmọ̀ ìwé kan ṣoṣo ní yàrá iwájú ilé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Àwọn ará àdúgbò gbà pé ó gbọ́ èdè Ítálì. Kò gbọ́ ọ. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń túmọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò já wọn ní koro.

Ará Ítálì kan tó ti kú ló kọ ìtàn náà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ìyá kan ń retí ọmọ rẹ̀ tó lọ sójú ogun. Ní ìparí, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dìde, ó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọmọbìnrin òǹkọ̀wé náà ló fi ímeèlì fún Tíṣà láṣẹ: kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un, kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò. Bí ó bá pa àṣẹ yìí mọ́, àwọn ìwé yòókù tí bàbá òun kọ di tirẹ̀ láti túmọ̀.

Igba ẹ̀dà dé láti ilé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kabir, télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ló kọ́kọ́ kà á tán.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ibi tí ọmọ yẹn ti dọ̀bálẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n fi àgbò ṣe sàráà, mi ò lè ránṣọ mọ́ láàárọ̀ yẹn."

"Ọmọ wo ló dọ̀bálẹ̀?"

"Ọmọ ìyá yẹn kẹ̀."

"Ta ló pa àgbò ní Ítálì?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

Tíṣà ṣí ìwé náà síbi tó parí sí. Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yẹ kó ti rí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, ojú ń ro ó, ó sì fi ìparí sílẹ̀: ohun tí òun fúnra òun kọ, kí ló tún kù tí òun ń kà níbẹ̀? Kò sọ ìyẹn fún Kabir. Ó wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní àdúgbò Takie níbẹ̀, Hajarat ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tíṣà ló kọ́ ọ ní girama. Òun nìkan ló sì gbẹ́kẹ̀ lé láti tẹ Yorùbá tó yè kooro; òun náà ló bá a tẹ ìwé yìí.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìwé ti jáde?"

"Hajarat, ta ló ní kí o pa àgbò?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Mo rò pé ojú ìwé tó kẹ́yìn já ni. Mo tú àpòòwé yín títí. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò gbé e. Mo ní kí ojú má tì yín lójú àwọn òyìnbó."

"Ibẹ̀ ló parí sí!"

"Pẹ̀lú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ta wá ni ẹni tó wà níta, Bàbá? Ṣé ọmọ yẹn ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ fi ọdún mẹ́fà túmọ̀ ẹ̀, ẹ ò mọ̀?"

Hajarat dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà.

"Ọ̀nà Líbíà ni ẹ̀gbọ́n mi Mubaraq gbà tó ń lọ sí Ítálì yẹn. Ọdún karùn-ún rèé, a ò gbúròó ẹ̀. Màámi kì í jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn. Mi ò lè fi ìyá yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ máà bínú."

Gbogbo èébú tó ti tò sílẹ̀ láti Ọ̀yọ́ wá di òfo. Kò tilẹ̀ rí ẹni bínú sí mọ́. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé ojú ìwé yẹn dára. Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti Tíṣà lọ.

Ó délé, ó mú abẹ, ó ń gé ojú ìwé náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Igba ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á, ìka rẹ̀ bó. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ítálì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kabir tún dé, ìwé tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, èyí tí mo rà fún àbúrò mi, ojú ìwé kan ti já nínú ẹ̀ o."

"Kò já."

"Báwo ni kò ṣe já, sà? Ìyá yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."