Kẹ́ẹ̀gì Funfun Nínú Kùrukùru

"Dúró! Gbé àjẹ̀ sókè!"

Àbúrò màmá mi, tó ń tukọ̀, gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀, Ìyá àgbà wa, lẹ́nu. Omi ń kán tó, tó, tó láti ẹnu àjẹ̀ sínú ọ̀sà. Kùrukùru ọyẹ́ ti bo Ìbẹ̀ṣẹ̀ láàárọ̀ náà. Omi funfun, ojú ọ̀run funfun, kẹ́ẹ̀gì tí a so mọ́ àwọ̀n ká lè mọ ibi tó wà, òun náà funfun. A ti yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, a ò rí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ju ti àwọ̀n lọ. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, màmá mi mú Ìyá àgbà lọ yẹ ojú wò n'Íkòròdú, àwọn àmì ńláńlá nìkan ni Ìyá àgbà rí lára ìwé àyẹ̀wò ara ògiri. Ni màmá mi bá fàáké kọ́rí: "Ẹ ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ mọ́. Ojú yín ti lọ." Ìyá àgbà tó ti ń dẹ àwọ̀n kí wọ́n tó bí màmá mi! Wọn ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kàn ní, "Bí mi ò bá fojú ara mi rí àwọ̀n mi, mo gbà, màá jókòó sílé."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká padà," àbúrò màmá mi bẹ̀bẹ̀. "Èmi tójú mi dá ṣáká gan-an ò rí nǹkan kan."

"Ṣebí funfun lò ń wá nínú funfun! Ọmọ yìí mà gọ̀ o. Fi àwọ̀ sílẹ̀, wo ohun tó ń mì."

A tẹjú mọ́ omi. Òórùn ẹja àná ń ti inú ọkọ̀ bọ̀ wá sí mi nímú.

"Ọ̀hún nìyẹn!"

Ìyá àgbà ló kígbe, wọ́n nawọ́ sí apá òsì. Mo wò ó, n kò rí nǹkan. Mo tún wò. Nǹkan kan ń yọ, ó ń rì, kò bá ìgbì yòókù rìn. Kẹ́ẹ̀gì wa ni! Ariwo tí mo pa, díẹ̀ ló kù kí n dojú ọkọ̀ dé. Nígbà tí a fa àwọ̀n náà tán, Ìyá àgbà fúnra wọn ló ru agbọ̀n ẹja délé, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú màmá mi.

"Ojú tó lọ ló pa èyí o."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Èmi náà ti dàgbà, èmi ló ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò n'Íkòròdú báyìí. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé ọpọlọ kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo mọ ìyàtọ̀ ohun tí ojú ń rí: dúdú àti funfun ní ọ̀nà tiwọn, àwọ̀ ní tirẹ̀, ohun tó ń rìn ní tirẹ̀, ọ̀kan lè rẹ̀ kí òmíràn ṣì le. Mo rẹ́rìn-ín sínú, torí inú ọkọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ò rí èyí tó pọ̀ lára àmì ara ògiri. Ọmọ wọn ti ń mi orí. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná." Mo na bírò mi sí ẹ̀gbẹ́ ojú wọn, mo ń rọra mì í.

"Ọ̀hún nìyẹn!" ni ìyá náà kígbe.