Àgbò Iléyá tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Ìyàwó kékeré ló máa ń bá baálé wa yan àgbò Iléyá lọ́jà Àpòmù, torí ọmọ oníṣòwò ẹran ni. Bó bá ti tẹ egungun ẹ̀yìn àgbò, tó sì la ẹnu rẹ̀ wo eyín ìsàlẹ̀, ẹ̀rín ni baálé wa á máa rín. Èmi ìyálé wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ la ẹnu àwọn ewúrẹ́ ilé wa wò, mo sì ń tẹ ẹ̀yìn wọn, kí n lè mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Lọ́dún tí kòkó wa so dáadáa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kúrò n'Íkirè lọ ra àgbò. Mo yára fa ọ̀kan jáde. Mo ní ó ti pààrọ̀ eyín méjì, ẹran sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàwó ni baálé wa yíjú sí. Ó tẹ àgbò náà wò, ó ní, "Èyí tí ìyálé mi mú yìí ló dáa jù." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sanwó.

Lọ́jọ́ ọdún, ìyàwó ni gbogbo ilé ń kí pé ó mọ ẹran yàn. Mo jẹ ìpín tèmi. Ẹran náà dùn, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.